Ọwọ́ Ẹni Tó Fín Irin

Bí mo bá fẹ́ wo ẹyọ owó wúrà kan dáadáa, mo máa ń kọ́kọ́ pa iná òkè àjà ni. Màá tan fìtílà kékeré orí tábìlì, màá tẹ ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni màá fi ìka méjì di etí owó náà mú, tí màá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Iná tó bá ti òkè wá a máa mú kí gbogbo wúrà dán bákan náà, dídán yẹn ló sì ń tan ojú jẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi hàn ibi tí ọwọ́ ẹni tó fín irin ti le, àti ibi tó ti rọ̀.

Èyí tó wà níwájú mi báyìí jẹ́ ti Heraclius, ọba tó jẹ ní Constantinople láti 610 sí 641. Kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 20 lọ, ó sì wọn gíráàmù 4.4. Ọba àti ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí wa: irùngbọ̀n bàbá kúrú, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká, orí ọmọ kéré sí ti bàbá gan-an, adé wà lórí àwọn méjèèjì, àgbélébùú kékeré kan sì wà lókè láàrin wọn. Lílò ti jẹ imú ọba náà díẹ̀. Ẹnìkan ti fi ohun mímú kọ ilà méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún 17 rèé tí mo ti rà á. Bí mo bá kó gbogbo ohun tí mo ní sílẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń kó owó àtijọ́ jọ, kò sẹ́ni tí yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí i nínú wọn. Òun ni mo fi ṣe olórí gbogbo wọn.

Ọdún 26 ni mo ti ń kó owó wúrà Byzantium jọ. Apòògùn ni mí ní Birmingham. Owó oṣù ni mo fi ń rà á, nítorí náà n kì í rà ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ́dún. Ọdún mìíràn a sì lọ láìra nǹkan kan. Àìlówó púpọ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè ra mẹ́wàá gbọ́dọ̀ mọ ìdí tó fi mú ọ̀kan.

Byzantium yẹn, àwọn òǹkọ̀wé ìgbà ìkẹyìn ló fi sọ wọ́n. Ará Róòmù ni wọ́n ń pe ara wọn títí ìlú wọn fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Tọ́kì ní 1453. Owó wúrà wọn pàápàá, Constantine tó tẹ ìlú náà dó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ó ní kí wọ́n máa rọ ẹyọ 72 láti inú ìwọ̀n pọ́n-ùn Róòmù kan ti wúrà. Solidus ni orúkọ rẹ̀ ní Látìn, nomisma ni wọ́n ń pè é ní Gíríìkì. Wọ́n pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ọ̀nà 24, ìdá kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ keration, ìyẹn hóró èso igi kan tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni kárátì ti jáde. Màmá mi ta góòlù ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, fún ohun tó lé ní 30 ọdún; kárátì 18, kárátì 22 kò kúrò lẹ́nu wọn láti àárọ̀ títí dalẹ́. Nígbà tí mo sọ ibi tí kárátì ti wá fún wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé àwọn yẹn kì í da bàbà mọ́ ọn ni?" Mo ní fún nǹkan bí 700 ọdún, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dà á mọ́ ọn. Wọ́n mi orí, bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ẹni ire.

Mo kórìíra ojú àwọn ọba yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn. Owó fàdákà Róòmù ayé àtijọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí Vespasian ti ki lọ́rùn, tí iwájú orí rẹ̀ hunjọ, tí o lè bá a pàdé ní títì kí o sì dá a mọ̀. Láti ibẹ̀, mo bọ́ sórí Byzantium: ojú tó jẹ́ kókó méjì, imú tó jẹ́ ilà kan, apá tó ń yọ jáde níbi tí apá kì í gbé. Àwọn ìwé àtijọ́ tí mo ń kà sọ pé iṣẹ́ ọnà ti bàjẹ́ lásìkò náà, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yan èyí tó bá ṣáà tuntun jù, torí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi yàn.

Ère ìbejì kan ló yí mi lójú padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé e sórí pẹpẹ ìwé rẹ̀, ogún ìyá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí n tètè máa lọ sílé, mo mú un, mo ń wò ó. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, bẹ́ẹ̀ ara àgbà ló wà lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀n, orí rẹ̀ tó ìdá mẹ́ta gbogbo ìdúró rẹ̀. Ta ló wá ń béèrè nílé wa bóyá ère ìbejì jọ ọmọ tó lọ? Ẹni tó bá mọ ère a máa wò ó bóyá ó gún, bóyá ojú ọ̀bẹ mọ́ lára rẹ̀, bóyá ẹyinjú yẹn ń wo ni lóòótọ́. Ìbéèrè jíjọ yẹn kò wọ ibẹ̀ rárá, láti kékeré ni mo sì ti mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dé ilẹ̀ òkèèrè, mo ti mú ìbéèrè ẹlòmíràn lò sí iṣẹ́ àwọn tí kò bi ara wọn ní ìbéèrè náà. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kó owó mẹ́fà tí mo ní nígbà náà jáde, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ojú ọba kọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Àyè tí wọn kò fi nǹkan kan sí ni. Ilẹ̀ tó wà láàrin èjìká ọba àti lẹ́tà tó yí i ká, ṣé ó sinmi? Ṣé orí kò há sábẹ́ ìlà ìkọ̀wé? Àgbélébùú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó rí ibi mí? Mú owó Justinian kìíní, láti nǹkan bí 538 síwájú, nígbà tó kọjú sí wa tààrà, tó dé àṣíborí oníyẹ̀ẹ́, tó gbé àgbáyé bí ọsàn sí ọwọ́ ọ̀tún, tí àgbélébùú sì dúró lórí àgbáyé náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni wọ́n rọ, ó sì ṣì pọ̀ lọ́jà. Nínú ọ̀pọ̀, ẹni tó fín òǹtẹ̀ náà kàn ń kún àyè ni. Ní ẹyọ kan láàrin ogún, o ó rí i pé ó mọ ibi tí yóò dúró: ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàrin ìyẹ́ àṣíborí àti lẹ́tà, gbogbo nǹkan sì ti ibẹ̀ gba afẹ́fẹ́.

Lẹ́tà ló tẹ̀ lé e. Látìn ni wọ́n ṣì fi ń kọ orúkọ ọba nígbà tí Gíríìkì ti gba gbogbo ọjà. Àwọn kan fín lẹ́tà náà bí ohun tí wọ́n mọ̀. Àwọn mìíràn fín in bí ẹni ń da àpẹẹrẹ kọ. Lẹ́yìn owó náà, lábẹ́ ẹsẹ̀ áńgẹ́lì tàbí àgbélébùú, lẹ́tà márùn-ún kan wà: CONOB. Mẹ́ta àkọ́kọ́ dúró fún orúkọ ìlú náà, Constantinople. Méjì ìkẹyìn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí wúrà tí wọ́n ti yọ́ mọ́, lẹ́tà méjì yẹn kan náà sì ni 72 lọ́nà tí àwọn ará Gíríìkì ń gbà kọ nọ́ńbà. Mo fẹ́ràn láti máa wo O inú rẹ̀. O jẹ́ lẹ́tà tó le láti fín, torí irin kò fẹ́ yí po. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá fi ìlà gígùn mẹ́rin mẹ́rin tò ó. Ẹni tó dáńgájíá yí i lẹ́ẹ̀kan.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́, kí ohun tí mo ń wá lè yé ni. Òǹtẹ̀ méjì ni. Ọ̀kan wà nínú owú ìsàlẹ̀, kò mira. Wọ́n gbé wúrà pẹlẹbẹ lé e, wọ́n gbé òǹtẹ̀ kejì ka orí rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan sì sọ òòlù kalẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fín wọ inú irin ni yóò yọ síta lára wúrà, apá òsì a sì di apá ọ̀tún. Ẹni tó ń fín in ń ronú sẹ́yìn ni gbogbo ìgbà, lórí àyè tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, láìsí awò ńlá bí èyí tí mo ń lò. Ìdí nìyí tí n kò fi lè bínú sí apá tó yọ níbi tí apá kì í gbé.

Irùngbọ̀n ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lẹ́yìn tí ojú mi là. Fún ìgbà pípẹ́, ojú fífá mọ́ ni wọ́n máa ń fi sórí owó. Phocas wá dé ní 602 pẹ̀lú irùngbọ̀n ṣóńṣó, irun rẹ̀ sì rí wúruwùru bí ẹni tó jí dìde lójijì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdílé Heraclius. Constans kejì gorí oyè ní 641 nígbà tó wà ní ọmọ nǹkan bí ọdún 11. Lórí owó rẹ̀ àkọ́kọ́, ojú ọmọdé ni. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, irùngbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ hù. Nígbà tó yá, irùngbọ̀n náà gba gbogbo àyà, ó sì tẹ́ bí ìgbálẹ̀ tí a fún lọ́rùn. Ìlà bí 20 ló wà nínú irùngbọ̀n yẹn lórí owó kan tí mo ní, kò sì sí méjì tó dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan tó kọlu èkejì. Ẹ fi awò sí i kí ẹ wò ó: ẹni yìí gbádùn iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Owó ìgbà tí wọ́n ń bá àwòrán mímọ́ jà, ìyẹn ti Leo kẹta àti Constantine karùn-ún, kò wọ̀ mí lójú. Bàbá, ọmọ àti bàbá àgbà ni wọ́n ń tò sórí rẹ̀, gbogbo wọn jọ ara wọn bí hóró ẹ̀wà. Mo ti gbìyànjú. Ọlá rẹ̀ ń bẹ fún àwọn tí ń ka ìtàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ti Justinian kejì. Nígbà ìjọba rẹ̀ àkọ́kọ́, tó pin ní 695, ó ṣe ohun tí ọba kankan kò ṣe sáájú rẹ̀: ó gbé ojú Kristi sí iwájú owó, òun alára sì lọ dúró sẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ yí Kristi ká pé òun ni Ọba àwọn tí ń jọba. Wọ́n kọ ọ́ yí Justinian ká pé ìránṣẹ́ Kristi ni. Mo pàdánù mẹ́ta ní gbàǹjo kí ọwọ́ mi tó tẹ ọ̀kan. Tèmi tẹ̀ díẹ̀ létí, ìlà kan sì gba inú àyè òsì kọjá. Mi ò bìkítà. Irun Kristi wà láàrin orí, ó ṣàn sẹ́yìn èjìká kan, ó wá síwájú lórí èkejì. Irun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ méjì já bọ́ síwájú orí rẹ̀, bíi pé afẹ́fẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọn síbẹ̀. Apá àgbélébùú yọ lẹ́yìn orí náà. Ọwọ́ ọ̀tún tó gbé sókè láyà láti fi súre kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, bẹ́ẹ̀ o lè ka ìka rẹ̀: èyí tó nà, èyí tó ká. Mo ti wo ọwọ́ yẹn títí oorun fi gbé mi lórí àga.

Wọ́n gé imú Justinian, wọ́n lé e nílùú. Ó padà gba ìtẹ́ rẹ̀ ní 705, ó tún fi Kristi sórí owó, ṣùgbọ́n Kristi mìíràn ni: ọ̀dọ́, irun rẹ̀ ká kókókó, irùngbọ̀n rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀. Àwọn kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ pé èyí ló dára jù nítorí ó ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ ọnà wọn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ti àkọ́kọ́ ń wo ni. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ń wo ẹ̀yìn wa. Nígbà tí ìjà àwòrán parí ní 843, lábẹ́ Michael kẹta àti ìyá rẹ̀ Theodora, àwọn tí ń fín òǹtẹ̀ wá àpẹẹrẹ Kristi tí wọn yóò lò, Kristi àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n sì mú, èyí tó ti lé ní 140 ọdún nígbà náà. Tí o bá gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀, o ó rí i pé ti Michael ki jù: irun tó ti ń ṣàn di okùn, ọwọ́ tó ń súre di ẹ̀ka igi. Síbẹ̀ mi ò lè pè é ní ohun tó burú. Ẹni tó fín in kò rí ẹni tí yóò kọ́ ọ, torí kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ láyé bàbá àti bàbá àgbà rẹ̀. Owó àtijọ́ lọ́wọ́ kan, irin lọ́wọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀.

Ìlú tí mo ń gbé ràn mí lọ́wọ́ nínú gbogbo èyí. Barber Institute tó wà ní Yunifásítì Birmingham ní ọ̀kan nínú àkójọ owó Byzantium tó pọ̀ jù láyé, mo sì ti dúró níwájú gíláàsì wọn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó dára gbọ́dọ̀ ti rí èyí tó wà déédéé lọ́pọ̀ ìgbà, títí yóò fi sú u. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fún owó àtijọ́ ní máàkì. Wọn a fún bí òǹtẹ̀ ṣe wọlé tó ní máàkì lórí márùn-ún, wọn a fún ara owó náà ní tirẹ̀ lórí márùn-ún, wọn a sì tì í mọ́ inú ike. Iṣẹ́ wọn wúlò fún ẹni tó ń bẹ̀rù ayédèrú, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n márùn-ún lórí márùn-ún ń sọ bí wọ́n ṣe lu òǹtẹ̀ ni, kò sọ ẹni tó fín òǹtẹ̀ náà. Òǹtẹ̀ tí kò dára, tí wọ́n bá lù ú dáadáa, àìdára rẹ̀ ni yóò hàn kedere. Owó inú ike kò sì ṣeé yí sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ. Ti ilà tí àwọn olùpààrọ̀ owó máa ń fi ohun mímú kọ, bí i ti orí Heraclius mi yìí, mi ò kà á sí ẹ̀gbin tí kò bá ti gba ojú ọba kọjá. Ọjà ni wọ́n rọ ọ́ fún. Ó dé ọjà.

Ọ̀rọ̀ wúrà àti ìwọ̀n ló ń dùn mí jù. Justinian kìíní rọ ẹyọ ńlá kan tó wọn ohun tí owó 36 wọn, òun fúnra rẹ̀ lórí ẹṣin níbẹ̀, obìnrin oníyẹ̀ẹ́ ìṣẹ́gun ń rìn lọ níwájú rẹ̀. Wọ́n rí i ní ilẹ̀ Tọ́kì ní 1751, ó sì dé Paris. Ní 1831, olè wọlé gbé e, wọ́n sì yọ́ ọ. Kìkì ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ló kù. Fún ẹni tó yọ́ ọ, gíráàmù mélòó kan ni. Ẹ̀rù a máa bà mí nígbà mìíràn nígbà tí iye wúrà bá fò sókè lọ́jà, torí mo mọ̀ pé níbì kan, ẹnìkan ń gbé owó tó tẹ̀, tó ní ihò, lé orí òṣùwọ̀n.

Wúrà náà alára kò dúró. Ọ̀rúndún kọkànlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó, owó sì ń fẹ̀ sí i, ó ń fẹ́lẹ́ sí i, títí ó fi tẹ̀ kòtò bí abọ́. Pípupa rẹ̀ ń ṣá. Nígbà tí yóò fi di àkókò Alexios kìíní, ó ti funfun bí fàdákà ìdọ̀tí, kí ọba náà tó tún un ṣe ní 1092 pẹ̀lú owó tuntun tó ń jẹ́ hyperpyron, kárátì 20 àti ààbọ̀. Ẹyọ hyperpyron kan ṣoṣo ni mo ní. Ó dùn ún dì lọ́wọ́, ó jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kì í sábà wọlé délẹ̀ lára ohun tó tẹ̀ kòtò. Ojú ọba a máa hàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì pòórá.

Oníṣòwò ará Íjíbítì kan wà ní ọ̀rúndún kẹfà, Cosmas lorúkọ rẹ̀, tó kọ ìtàn kan sílẹ̀ tí mo máa ń rántí. Ó ní oníṣòwò Róòmù kan, Sopatros, dé erékùṣù tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ó sì bá ará Páṣíà kan pàdé níwájú ọba ibẹ̀. Ọba bi wọ́n pé nínú ọba yín méjèèjì, ta ló tóbi jù? Ará Páṣíà yára sọ̀rọ̀, ó yin tirẹ̀ dé ọ̀run. Sopatros dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ó sọ tirẹ̀, ó ní àwọn ọba méjèèjì wà níbí: ẹ wo owó wọn. Wọ́n mú fàdákà Páṣíà wá, wọ́n mú wúrà Róòmù wá. Ọba yẹn yí méjèèjì wò lọ́wọ́, ó sì dá Sopatros láre. Ohun tí Cosmas kò fi pamọ́ ni pé wúrà tí wọ́n máa ń kó lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, wọ́n a máa ṣà á ni: èyí tó dán, tó gún, tó dára lójú. Ẹnìkan tí ń gbé Constantinople tàbí Alexandria ti jókòó, ó ti ń yan èyí tó lẹ́wà kúrò lára èyí tí kò lẹ́wà, ní 1,500 ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ kan náà ni à ń ṣe.

Ìtàn yẹn ló sún mi tí mo fi dán màmá mi wò. Wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ wa kejì ní Birmingham, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì lò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ ti sùn, mo tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì ìjẹun, mo to owó mẹ́fà sí i. Mo ní kí wọ́n yan èyí tó dára jù. Nínú mẹ́fà náà, ọ̀kan ń dán ju gbogbo wọn lọ: ti Constans kejì, tí mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní ọdún kẹfà tí mo bẹ̀rẹ̀. Owó gọbọi ni mo san lé e lórí nítorí dídán yẹn. Òun ni mo fi sáàrin.

Màmá mi kò tíì fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n gbójú sókè wo àjà. "Àkànní, pa iná yẹn."

Mo pa á. Wọ́n ní kí n gbé fìtílà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ wá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, bí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù tí wọ́n ń kó iṣẹ́ fún ní Dùgbẹ̀ ṣe máa ń jókòó ti ojú fèrèsé. Wọ́n wá mú ti Constans. Wọn kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Etí ni wọ́n fi àtàǹpàkò rá, yíká, títí wọ́n fi dúró níbi kan lókè adé.

"Ìkọ́ ti wà níbí."

Mo ní kò sí ìkọ́ kankan níbẹ̀.

"Mo ní ó ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti jó o mọ́ ọn, wọ́n fi kọ́rùn, wọ́n tún yọ ọ́, wọ́n sì fi fáìlì rá a. Wo bí ibẹ̀ ṣe tẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi nǹkan nu gbogbo ara rẹ̀ kó lè bá ibi tí wọ́n rá mu. Ta ló ta eléyìí fún ọ?" Mo sọ ẹni tó tà á fún mi. Wọ́n gbé e padà sórí aṣọ, wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Mo mú awò, mo wò ó. Òótọ́ ni. Gbogbo ìlà irùngbọ̀n rẹ̀ tí mo ti rò pé ó rọ̀ lọ́nà àrà, pólíìṣì ló jẹ ẹ́ wálẹ̀. Ṣóńṣó orí ìlà kọ̀ọ̀kan ti lọ. Ọdún mẹ́wàá ó lé ni mo ti ń fi í han àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo ra Constans mìíràn, èyí tí mo sọ nípa irùngbọ̀n rẹ̀ lókè yìí. Ó ṣì ní ìdọ̀tí pupa nínú kòtò lẹ́tà rẹ̀ láti inú ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.

Màmá mi mú àwọn márùn-ún yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò yára. Wọ́n gbójú fo Justinian kìíní, wọ́n ní ó dára, ó dára. Wọ́n yí hyperpyron wò, wọ́n bi mí bóyá ẹnìkan ló jókòó lé e. Wọ́n dé orí Heraclius àti ọmọ rẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n ní kí n sún fìtílà náà mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn sí i.

"Èyí."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Ó ti gbó, imú ọba ti jẹ, ilà wà lára rẹ̀.

Wọ́n fi èékánná ìka kékeré hàn mí, láìfi kàn án, ibi àgbọ̀n ọmọ náà. "Wo abẹ́ ibí yìí. Ìlà méjì ni. Ó kọ́kọ́ fi àgbọ̀n ọmọ sókè, ó wá rí i pé ojú ọmọ ti kéré jù, ó fà á wálẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ kò parẹ́ tán." Wọ́n sinmi díẹ̀. "Wọn ò ní padà fi nǹkan dí irin, àbí? Bí o bá ti gé e, o ti gé e."

Mo fi awò sí i. Ìlà kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó fẹ́lẹ́ ju irun lọ, ó yọ síta díẹ̀ lábẹ́ ẹnu ọmọ náà, àgbọ̀n tòótọ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣe róbótó, ó mọ́, ọwọ́ tó fà á kò gbọ̀n. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ní owó yìí nígbà náà. Mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti ya fọ́tò rẹ̀, mo ti ka gbogbo lẹ́tà tó yí i ká. Abẹ́ iná òkè àjà ni mo ti ń wò ó.

"Kí lorúkọ ọmọ náà?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní Heraclius ni bí i ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Constantine ni wọ́n fi kún un. Mo ní wọ́n bí i ní 612, wọ́n sì dé e ládé kó tó pé ọmọ ọdún kan. Lórí owó tó tẹ̀ lé èyí, orí rẹ̀ ń tóbi sí i. Nígbà tó yá, òun náà ní irùngbọ̀n, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ tí irùngbọ̀n tirẹ̀ ti dé àyà, àbúrò rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Màmá mi tún gbé owó náà sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ọmọ tiwa ké nínú yàrá, wọ́n sì dìde pẹ̀lú owó náà lọ́wọ́, mo ní láti tẹ̀ lé wọn lọ gbà á.